Bàbá Gíréèdà To Máàkì Ọmọ Rẹ̀ Sórí Ẹní

Bí ojú bá lè gé nǹkan bí ọ̀bẹ, ojú Ògúndípẹ̀ ì bá ti gé gbogbo Ìdànrè sí wẹ́wẹ́, láti Odòde títí wọ Aládé, kò ní ṣẹ́ ku nǹkan tí a ó máa pè ní ìlú mọ́. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni ọkùnrin yìí fi yẹ kòkó wò fún ìjọba. Gíréèdà ni wọ́n ń pe àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Wọn á gbé irin oníhò, wọn á gún àpò kòkó lókè, wọn á gún un láàárín, wọn á gún un nísàlẹ̀, wọn á fi ọ̀bẹ la hóró tó bá jáde sí méjì, wọn á sì wo inú rẹ̀. Èyí tó bu, wọn á kà á. Èyí tí kòkòrò ti wọ̀, wọn á kà á. Bí àwọn tó bàjẹ́ kò bá pọ̀ ju iye tí òfin sọ lọ, Gíréèdì Kìíní ni. Wọn á fi òjé di ẹnu àpò, ó parí. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, Ògúndípẹ̀ kò tú òjé tó bá ti dì rí. Àwọn oníkòkó kan dọ̀bálẹ̀ fún un, àwọn kan fa ewúrẹ́ wá. Obìnrin kan láti Owena tilẹ̀ sunkún níwájú rẹ̀ títí ilẹ̀ ibẹ̀ fi rọ̀, tí ẹ̀fọ́ hù níbẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì. Kò tú u.

Ó ti fẹ̀yìn tì láti ọdún mẹ́rìnlá, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún ojú rẹ̀? Bí àlùfáà bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ìwàásù, Ògúndípẹ̀ á yíjú sí Catherine ìyàwó rẹ̀, á ní, "Gíréèdì Kejì. Omi pọ̀ nínú ẹ̀." Lọ́jọ́ tí wọ́n bí Dúrótoyè, àkọ́bí rẹ̀, tí wọ́n gbé e lé e lọ́wọ́, ó yí ọmọ náà síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ní, "Kò burú." Àwọn nọ́ọ̀sì rò pé inú ló ń bí i. Wọn ò mọ̀ pé ìyìn tó ga jù lọ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló fi ẹnu ara rẹ̀ pè ní Gíréèdì Kìíní láyé yìí: Olúwadára, ọmọ Dúrótoyè, tí gbogbo ilé ń pè ní Dára. Èkó ni Dúrótoyè ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀dọ̀ Ògúndípẹ̀ àti Catherine ni ọmọ náà dàgbà sí. Eyín ló sì so òun àti bàbá àgbà rẹ̀ pọ̀. Nígbà tí Dára wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, ó tẹ̀ lé bàbá lọ sọ́dọ̀ ọ̀gbẹ́ni kan tó so pátákó dókítà eyín mọ́ iwájú ilé ní Àkúrẹ́. Ọkùnrin náà ti fi ẹ̀mú mú eyín, ó ti ń fà á, bí ẹni ń fa kùkùté igi, kí Dára tó ráyè sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èkejì ẹ̀ ló ń dùn wọ́n." Eyín tó le koko ló bọ́ sílẹ̀. Èyí tó jẹrà jókòó sẹ́nu Ògúndípẹ̀ bí onílé. Bí wọ́n ti ń bọ̀ wálé ni Dára ti ní dókítà eyín lòun máa ṣe. Ògúndípẹ̀ náà sì búra nínú ọkọ̀ pé ọwọ́ ẹlòmíì kò ní wọ ẹnu òun mọ́ títí ọmọ òun á fi gba ìwé ẹ̀rí. Ọdún mẹ́jọ rèé tó ti ń fi ẹ̀gbẹ́ kan jẹ iyán.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà iṣẹ́ yẹn há? Ìgbà àkọ́kọ́ tí Dára ṣe ìdánwò JAMB, 187 ló gbà nínú irínwó. Ìgbà kejì, 243. Lọ́dún yìí, tó jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó gba 268. Catherine jó títí gèlè fi já bọ́ lórí rẹ̀. Ògúndípẹ̀ kò jó. Ó kàn jáde síta, ó ń wo ilé àwọn aládùúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń wo àpò kòkó tó bu.

Yunifásítì ńlá kan tí orúkọ rẹ̀ tóbi, tí gbogbo ènìyàn ń fẹ́, ni Dára kọ sínú fọ́ọ̀mù. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ti ìkànnì tí ènìyàn lè fi yí iléèwé padà. Dúrótoyè sì ti pè láti Èkó, ó ti là á mọ́lẹ̀: bí Dára kò bá wọlé lọ́dún yìí, kò ní sí ìdánwò kẹrin. Kó máa bọ̀ wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ìyàwó òun, kó máa ta mílíìkì àti ṣúgà.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, Olútìmẹ́hìn dé. Tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìn JAMB nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Aládé ni, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Dára ti kẹ́kọ̀ọ́ ìdánwò náà. Ó tín-ín-rín bí igi ìṣáná. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàsán o, Bàbá."

"Ta ló rán ẹ?"

"Dára ni, Bàbá. Ó ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ nípa iléèwé tó mú."

Ògúndípẹ̀ wò ó látòkè délẹ̀, ojú rẹ̀ sì dúró sí ìsàlẹ̀. "Bàtà ẹ apá ọ̀tún ti lanu. Bá a sọ̀rọ̀ ná. Bó bá gbọ́, kó o wá bá èmi náà sọ̀rọ̀."

Dára, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, fi ọwọ́ bojú. Ṣùgbọ́n tíṣà kò lọ. Ó ti kọ́ ọmọ àwọn ènìyàn ní físíìsì fún ọdún mẹ́sàn-án; èébú kò jẹ́ nǹkan kan fún un mọ́.

"Bàbá, 268 dára. Ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n kò lè mú un wọ ibi tó mú yẹn."

"Èló ni wọ́n sọ ní rédíò pé iléèwé yẹn fẹ́?"

"Igba, Bàbá, ṣùgbọ́n..."

"Igba. Èló lọmọ mi ní?"

"268."

"Èwo ló pọ̀ jù? Àbí kí n pe ọmọ jéléósinmi kó wá ṣe é fún ẹ?"

"Bàbá, igba yẹn, kí wọ́n ṣáà lè gba ènìyàn láyè láti tò sórí ìlà ni. Kì í ṣe òun ni wọ́n fi ń mú ènìyàn."

Ògúndípẹ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín burúkú tó ń fi ń pa àwọn oníkòkó láyà nígbà ayé rẹ̀. Nǹkan tí òun mọ̀ nípa òdiwọ̀n, ta ló mọ̀ ọ́n ju òun lọ? Bí ẹgbẹ̀rún àpò bá dé, tí gbogbo wọn sì dára, Gíréèdì Kìíní ni gbogbo wọn. Kò sí àpò tó máa gba ipò mọ́ àpò mìíràn lọ́wọ́. Òfin ti fa ìlà. O kọjá ìlà, o wọlé. Ẹ wá wo tíṣà yìí o, tíṣà aláìníbàtà, tó ń sọ pé ènìyàn á kọjá ìlà tán, kò sì ní wọlé.

"Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán, Bàbá Dúrótoyè," ni Catherine ké láti ibi ìdáná. "Ẹ ti ń gé e kí ẹ tó gún un."

Olútìmẹ́hìn yọ bébà kan nínú àpò rẹ̀. Ó ya àwọn òpó gíga àti kúkúrú síbẹ̀, wọ́n tò tẹ̀ léra wọn.

"Ilé ta nìyí?" ni Ògúndípẹ̀ bèèrè.

"Máàkì ni, Bàbá. Níbi tí òpó bá ga sí, ibẹ̀ lèèyàn pọ̀ sí. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ rí, tí wọ́n ti wà ní yunifásítì báyìí, ló bá mi wá iye yìí."

"Ilé tí owó tán lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ ọ nìyẹn. Dára, mú ẹní wá. Mú abọ́ kòkó kan wá látibi tí mo sá a sí. Jẹ́ kí n fi bí wọ́n ṣe ń ka nǹkan han ọ̀gbẹ́ni yìí."

Ó rò pé òun fẹ́ fi tíṣà ṣẹ̀sín ni. Wọ́n tẹ́ ẹní sábẹ́ igi máńgòrò. Ògúndípẹ̀ ka ọgọ́rùn-ún hóró, ó ní hóró kọ̀ọ̀kan dúró fún ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ọmọ tó ṣe ìdánwò náà ní Nàìjíríà. Tíṣà ń pe iye, òun ń tò ó láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún: àwọn tí kò tó igba, nǹkan bí mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, òkìtì ńlá, láti igba títí dé 249, nǹkan bí ogún, láti 250 lọ sókè, bí mẹ́rin péré. Tíṣà ní àwọn tó gba ọ̀ọ́dúnrún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò tó odindi hóró kan. Ògúndípẹ̀ yọ ọ̀bẹ, ó la ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí méjì, ó sún ìlàjì síwájú.

Ó dìde. Ó wo ẹní náà. Inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tó jẹ oyè.

"Nínú ọgọ́rùn-ún, ọmọ mi wà nínú mẹ́rin. Nínú mẹ́rin! Àwọn wọ̀nyí ńkọ́?" Ó gbé ẹsẹ̀ lé òkìtì apá òsì, ó fẹ́ gbá a dànù. "Pàǹtí. Wọ́n kàn fi owó ọkọ̀ ṣòfò lọ sí sẹ́ńtà ni. Olodo."

"Bàbá," ni Dára wí, kò gbé orí sókè. "Inú òkìtì yẹn lèmi náà wà lọ́dún àkọ́kọ́. 187."

Ògúndípẹ̀ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò. Ó ṣe bí ẹni pé eṣinṣin ló ń lé.

"Bàbá, ẹ kó gbogbo rẹ̀ kúrò lórí ẹní," ni tíṣà wí. "Àwọn tí ẹ̀ ń bú yẹn kò tilẹ̀ sí níbi tí Dára ń lọ. Ẹni tó gba 160 kì í fẹ́ ṣe dókítà eyín ní yunifásítì ńlá. Àwọn hóró apá ọ̀tún tí ẹ̀ ń yìn yìí ló kó ara wọn jọ lọ síbẹ̀. Àwọn ni Dára ń bá dù ú. Àpò tí ẹ gún yìí, àpò Nàìjíríà ni. Ẹ ò tíì gún àpò àwọn tó fẹ́ ṣe dókítà eyín."

Tíṣà kò mọ nǹkan tó sọ. Kò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ nígbà tí ọ̀rọ̀ Adémọ́lá ṣẹlẹ̀. Adémọ́lá, gíréèdà kékeré tó wà lábẹ́ Ògúndípẹ̀, gún àpò ní ìsọ̀ kan ní Owena, ó wá fi ohun tó rí níbẹ̀ kọ ìwé fún àpò tó wà ní ìsọ̀ mìíràn tí kò tilẹ̀ dé. Ògúndípẹ̀ mú un dúró lórí àpò níwájú gbogbo alábàárù, ó ní kó pariwo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta: "Àpò tí mi ò gún, mi ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀!" Wọ́n ní ohùn Adémọ́lá gun òkè lọ, ó kọjá gbogbo àtẹ̀gùn, ó dé Òkè Ìdànrè, ó sì dẹ́rù ba àwọn ọ̀bọ ibẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni Adémọ́lá ti fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ògúndípẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbá ẹní náà mọ́. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Pe ti eyín," ló wí.

Tíṣà ní lọ́dún tó kọjá, ẹgbẹ̀fà ọmọ ló kọ iṣẹ́ dókítà eyín sí yunifásítì náà. Wọ́n fi hóró kan dúró fún ènìyàn mẹ́wàá, ó jẹ́ ọgọ́fà hóró. Ògúndípẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó. Lọ́tẹ̀ yìí, òkìtì náà kò sí lápá òsì mọ́. Hóró mẹ́sàn-án péré ni kò dé igba. Òkìtì ti rìn: mẹ́tàdínlógójì wà láàárín igba àti 239, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n wà láàárín 240 àti 259, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n wà láàárín 260 àti 279, mọ́kànlá láàárín 280 àti 299, mẹ́rin tó kù ti wọ ọ̀ọ́dúnrún.

"Mélòó ni wọ́n mú?"

"Àádọ́ta, Bàbá."

Hóró márùn-ún. Ògúndípẹ̀ kà wọ́n láti ìparí apá ọ̀tún: mẹ́rin orí ọ̀ọ́dúnrún, pẹ̀lú ọ̀kan nínú mọ́kànlá tó tẹ̀ lé e. Ó fi ọ̀bẹ fa ìlà síbẹ̀ lórí ẹní. Dára dìde, ó mú hóró kan nínú abọ́, ó gbé e sáàárín àwọn 260. Kò sẹ́ni tó sọ pé kó ṣe é. Láti ibi tí hóró rẹ̀ wà dé ibi ìlà, kòkó pọ̀ níbẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń pín ìrẹsì ọ̀fẹ́.

"Kò sí ọ̀kan tó bu nínú gbogbo èyí tó wà níwájú ẹ̀?" ni Ògúndípẹ̀ bèèrè. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Kò sí, Bàbá."

"Wọ́n á wá kó márùn-ún, wọ́n á da ìyókù nù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Gíréèdì Kìíní ni wọ́n ń dà nù?"

"Gíréèdì Kìíní ni, Bàbá. Ìdánwò tiwọn náà wà tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn JAMB, ó lè ti ènìyàn síwájú díẹ̀. Ti ọdún yìí náà lè yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ọdún tó kọjá. Ṣùgbọ́n kò lè yàtọ̀ tó báyìí."

"Olè ni wọ́n! Òpònú ni wọ́n!" Ó bú yunifásítì náà láti orí gíwá títí dé orí ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Ó ní bí òun bá ṣe irú rẹ̀ nígbà ayé òun, àwọn àgbẹ̀ ì bá ti fi àdá lé òun jáde ní Ìdànrè. Catherine jáde wá láti wo ohun tó ń pariwo, ó sì dúró ti Dára.

Tíṣà jẹ́ kó bú wọn tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà ló sọ pé yunifásítì kan wà, kò pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ dókítà eyín níbẹ̀. Àádóje ọmọ ló béèrè fún un lọ́dún tó kọjá. Ọgbọ̀n ni wọ́n mú.

"Iléèwé tí ọ̀dà ara ògiri ẹ̀ kò tíì gbẹ!" ni Ògúndípẹ̀ wí. "Iléèwé tó jẹ́ pé ewúrẹ́ ló máa máa jókòó níwájú kíláàsì. Kí ọmọ mi lọ síbẹ̀?"

"Bàbá Dúrótoyè," ni Catherine wí, "ewúrẹ́ tó ń kọ́ ìwé ìtọ́jú eyín sàn ju Dára tó ń ta mílíìkì lọ. Ẹ to tibẹ̀ náà ká rí i."

Ó tún gbá ẹní mọ́, ó tò ó, ó ń kùn. Hóró mẹ́tàlá. Ojú ti ẹní náà, ó fẹ̀ gbàgàdà, kòkó kò kún un. Ọ̀kan ló wà lórí 280. Méjì wà láàárín 260 àti 279. Mẹ́rin tẹ̀ lé e, mẹ́fà tó kù jìnnà sẹ́yìn. Mẹ́ta ni wọ́n mú. Dára gbé hóró tirẹ̀ kalẹ̀. Ó jókòó sáàárín àwọn mẹ́ta náà, kò fi bẹ́ẹ̀ há fún un.

Ó pẹ́ tí Ògúndípẹ̀ fi wo hóró kan yẹn. Ẹni tí kò tú òjé rí láyé rẹ̀ ni. Ó ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti sọ ọ́ nídìí ọkọ̀, ó ti sọ ọ́ fún àwọn tó kórìíra jù lọ, pé yunifásítì ńlá lọmọ òun ń lọ. Gbogbo wọn ni yóò rí i pé ó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Ó dìde, ó wọlé, ó dé fìlà.

"Níbo lẹ ń lọ?" ni Catherine bèèrè.

"Dára, pe ọ̀kadà. Kó o mú nọ́ńbà ìdánwò ẹ dání. Tíṣà, ìwọ náà máa bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni kó o jókòó sí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rí bàtà yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

Ní ilé kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ń yí iléèwé padà, Olúwayọmí, ọmọbìnrin tó ń tẹ nǹkan níbẹ̀, gbé èékánná aláwọ̀ pupa tó gùn bí ìka lé bọ́tìnì. "Bàbá, ṣé ó dá yín lójú? Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, ẹ ò tún lè yí i padà mọ́ o."

Ògúndípẹ̀ wo Dára. Dára mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Bí èékánná yẹn bá lè tẹ nǹkan," ni Ògúndípẹ̀ wí, "tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́.

Oṣù márùn-ún kọjá kí orúkọ tó jáde. Wọ́n ń jẹun ọ̀sán lọ́wọ́ nígbà tí Dára figbe ta nínú yàrá, tó sáré jáde, fóònù lọ́wọ́. Ipò kọkàndínlógún nínú ọgbọ̀n! Catherine fi àmàlà ọwọ́ rẹ̀ lé orí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ìyìn, ó ń pe Dúrótoyè ní Èkó, ó ń kọrin lọ, ó ń sọ̀rọ̀ lọ. Dára sọ pé ní yunifásítì ńlá, 296 ni ẹni tó kẹ́yìn lára àwọn tí wọ́n mú gbà.

Ògúndípẹ̀ fọ ọwọ́ rẹ̀. "Ẹni tó wà ní ipò kọkànlélọ́gbọ̀n ńkọ́? Èyí tí wọ́n dá dúró síta. Èló ló ní?"

"261, Bàbá. Ọmọbìnrin kan ni. Ó wà nínú ẹgbẹ́ wa lórí Wásáàpù, láti àárọ̀ ló ti ń sunkún. Ẹni tó kẹ́yìn lára àwọn tí wọ́n mú ní 262."

"Máàkì kan."

"Ẹyọ kan, Bàbá."

"Ọmọ ta ni?"

Dára rẹ́rìn-ín. "Bàbá, èmi ò mọ̀ ọ́n. Ibì kan ní òkè Ọya ló ń gbé."

"O ò bi í?" Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "O kàn ń jó nínú ilé, o ò bi í! 261 tó mọ́, tí kòkòrò kankan ò wọ̀, wọ́n dà á nù bí èèpo ẹ̀gẹ́. Àwọn aláìmọ̀kan. Ta ló fi wọ́n joyè gan-an?"

Báyìí ló ṣe jókòó, lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀ wọlé, tó ń bínú nítorí ọmọ tí kò rí rí, ní ìlú tí kò dé rí, títí ọbẹ̀ fi dì níwájú rẹ̀, tí Catherine sì gbé abọ́ náà kúrò, tó ní kó lọ sínú yàrá lọ máa bínú níbẹ̀, kí òun ráyè yọ̀.